Orí Àgùntàn Tó Ní Eyín

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Botabek ń ṣe ìkómọ àkọ́bí rẹ̀, orí àgùntàn tó gbé síwájú Jumadil ní eyín lẹ́nu.

Kì í ṣe eyín kan tàbí méjì tí ojú fò. Odindi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, eyín sì tò sí i gbọnrangandan. Lórí òkè wa níbí, ẹni tí wọ́n bá gbé orí àgùntàn síwájú rẹ̀ ni wọ́n kà sí jù lọ láàárín àlejò. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi máa ń fi iná jó irun rẹ̀ dànù, tí wọ́n á yọ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kúrò, tí wọ́n á fi ẹ̀mú fa gbogbo eyín tó bá kù. Orí tó bá ní eyín, ajá ni wọ́n ń gbé e fún. Jumadil wo orí náà, orí náà rẹ́rìn-ín sí i. Ó dé fìlà onírun rẹ̀, ó dìde láìgé etí orí náà fún ọmọ tuntun gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì jáde. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pe Botabek títí di ọjọ́ yẹn, torí ìdílé kan náà ni wọ́n, Botabek sì fi ọdún mélòó kan jù ú lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè é ní nǹkan kan mọ́.

Ká ní ìlú ni wọ́n ń gbé ni, ì bá sàn. Èèyàn lè bínú sí ará ilé kejì ní ìlú kó sì rí ọgọ́rùn-ún èèyàn mìíràn kí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé méjì péré ló wà ní àfonífojì tiwa yìí, ti Jumadil lápá ọ̀tún odò, ti Botabek lápá òsì. Ilé kẹta jìnnà débi pé bí èèyàn bá gun ẹṣin láàárọ̀, oòrùn á ti máa wọ̀ kó tó rí èéfín rẹ̀. Àwọn yòókù ti kó lọ sí ìlú, wọ́n ń gbé inú ilé alájà gíga, wọ́n ń wo àgùntàn nínú tẹlifíṣọ̀n.

Nítorí náà, ó di dandan kí ọkùnrin méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ máa wá nǹkan mìíràn bá sọ ọ́. Bí àgbò Botabek bá kọjá odò, Jumadil á gbá ìwo rẹ̀ mú, á pariwo sí i létí pé, "Sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé koríko yìí kì í ṣe ogún bàbá rẹ̀ o!" Botabek náà á dúró lódìkejì, á kọjú sí ràkúnmí rẹ̀: "Ìwọ ẹran yìí, bá mi sọ fún ẹnì kan pé bàbá mi ló gbẹ́ kànga tó ń pọn omi rẹ̀ mu." Ràkúnmí á máa jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ lọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí.

Ìjọba ka ilé méjèèjì sí abúlé, abúlé sì gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀. Jumadil ni alága, Botabek ni igbákejì, nítorí kò sẹ́lòmíràn. Lọ́dọọdún ni òṣìṣẹ́ kan máa ń wá béèrè apá ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà ọlọ́dà gbà wọlé. Alága á ní ọ̀tún odò ni. Igbákejì á ní òsì ni. Ìbò kan, ìbò kan. Òṣìṣẹ́ á mu tíì ní ilé kìíní, á mu tíì ní ilé kejì, á gun alùpùpù rẹ̀ padà. Bí ọ̀nà ṣe dúró sídìí Àpáta Pupa nìyẹn, tí òpó iná mànàmáná náà dúró síbẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé méjèèjì sì ń fi ràkúnmí gbé àpò ìyẹ̀fun láti ibẹ̀ wá nínú yìnyín. Àwọn ọkùnrin kì í gbé àpò. Àwọn ló ń dìbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ Marjan, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Jumadil bí, Jumadil bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò irin, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu orí àgùntàn tí wọn ò tíì sè.

"Bàbá Marjan, mo ti fa gbogbo rẹ̀," ni Kulash ìyàwó rẹ̀ sọ. Ẹ̀mú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ò ní o ò fà á."

"Kí lẹ wá ń wá níbẹ̀?"

"Mò ń wò ó ni. Ṣé mi ò lè la ojú nínú ilé mi mọ́ ni?"

Láti ìgbà ìkómọ yẹn, kò sí orí àgùntàn kan tó jáde nínú ilé yìí tí Jumadil kò yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Á fi ìka tọ́ erìgì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bíi dókítà eyín. Marjan máa ń sọ pé bàbá òun mọ ẹnu òkú àgùntàn ju ẹnu òun lọ.

Marjan fúnra rẹ̀ wọlé báyìí, afẹ́fẹ́ ti sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di pupa. Ó ti gun orí òkè kékeré ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Bàbá Kemel ò lè wá o," ló sọ.

Bàbá Kemel ni àbúrò bàbá Jumadil tó ń gbé ìlú. Òun ni àgbà tó yẹ kó wá gbé ọwọ́ sókè kó sì súre kí wọ́n tó fi ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ìrù àgùntàn bọ àwọn àna lẹ́nu. Bí àna bá ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti di, kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ò gbọdọ̀ wọ ẹnu kankan kí àgbà tó súre, bàbá ọmọ kò sì lè jẹ́ àgbà fún ọmọ tirẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" Jumadil béèrè.

"Wọ́n ní ó lọ síbi àsè lánàá, ó jẹ ìfun ẹṣin tí wọ́n ki ẹran sí, ó jẹ ẹ́ kọjá ààlà. Kò lè nàró. Ẹ̀gbẹ́ ló fi dùbúlẹ̀."

"Ṣé kò lè fi ẹ̀gbẹ́ náà wá ni?"

Kulash gbé orí àgùntàn sínú ìkòkò, ó sì rọra da ìgbẹ́ ràkúnmí gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná sínú ààrò.

"Àgbà kan ṣì wà nínú ìdílé yín lórí òkè yìí," ló sọ.

"Kò sí."

"Ó wà. Èéfín rẹ̀ ni mò ń wò láti ojú fèrèsé yìí."

"Èmi ò rí èéfín kankan."

"Èyí tó ń fẹ́ wọlé wa yìí ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́ ni mo rí."

Marjan bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi í lu orí tábìlì. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Dastan nìkan ni ọ̀dọ́kùnrin tó wá sí àfonífojì yìí lọ́dún yìí, àgùntàn ló sì wá gún lábẹ́rẹ́. Bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá fi lè padà lónìí láìfi yẹtí àfẹ́sọ́nà sí mi létí, èmi náà á wọ mọ́tò wọn. Màá lọ bẹ́ẹ̀, láìsí yẹtí, láìsí ìre. Ẹ̀yin àti ẹni òdìkejì odò á wá kù, ẹ ó máa bá ràkúnmí sọ̀rọ̀."

Jumadil bínú jáde lọ kó ìgbẹ́ gbígbẹ sí i. Ọmọ tó bá sá tẹ̀lé ọkùnrin láìsí ìre, títí láé ni wọ́n á máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ pa àwàdà nídìí tíì ní ìlú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ̀ pé Marjan kì í halẹ̀ lásán. Lára òun náà ló ti jogún orí kunkun.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó rí Nurila, ìyàwó Botabek, lẹ́yìn ọgbà àgùntàn. Nǹkan yọ gọngọ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀: agbọ̀n ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín bí àkàrà ló gbé wá fún àlejò. Ìjà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyẹ̀fun dídín rí. Àwọn obìnrin méjèèjì a máa pàdé níbẹ̀, àwọn ọkùnrin a sì máa ṣe bí ẹni pé ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ ló ń rìn kọjá odò.

"Sọ ọ́ lónìí, Kulash," ni Nurila ń sọ. "Ó ti tó. Wàhálà yìí ti fẹ́ mú ọmọ lọ báyìí."

"Nurila, jọ̀ọ́."

"Ọdún mélòó ni mo fi gbé e fún ọ? Mi ò ráhùn rí."

Wọ́n rí Jumadil, wọ́n sì panu mọ́. Ó kọjá láàárín wọn, ó ń wo ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò béèrè.

Ọ̀sán ti pọ́n kí àwọn àna tó dé. Mọ́tò wọn ti dúró sídìí Àpáta Pupa, ràkúnmí ni Jumadil fi lọ kó wọn. Seydahmet, ẹ̀gbọ́n bàbá Dastan, ni olórí wọn. Ọkùnrin títóbi ni, ó ń ta bébà ògiri ní ìlú, ó sì ti pẹ́ tó ti gun ràkúnmí kẹ́yìn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò fẹ́ súnmọ́ ara wọn mọ́. Ìyá Dastan tẹ̀lé e, ó di àpótí yẹtí mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́.

"Jumadil, ọ̀nà yín dà?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Seydahmet.

"Ó ń bọ̀."

"Níbo ló ti ń bọ̀? Mo gbọ́ ní ìlú pé ìbò lẹ fi dá a dúró."

"Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni. Ẹ wọlé, ẹ wá mu tíì."

Wọ́n mu tíì oníyọ̀ pẹ̀lú wàrà. Wọ́n jẹ ìyẹ̀fun dídín Nurila, Ìyá Dastan sì yìn ín títí. Kulash wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí àgùntàn wọlé, ó funfun, erìgì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Jumadil fúnra rẹ̀ ló gbé e síwájú Seydahmet, ó sì yí i kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí àlejò dáadáa.

"Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa," ló sọ.

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà wò ó."

Seydahmet tẹ̀ síwájú, ó wo inú ẹnu àgùntàn, ó wo ojú Jumadil, ó tún wo ẹnu àgùntàn. "Mo ti wò ó," ló sọ pẹ̀lú ìfura. Ó gé etí rẹ̀, ó wá ọmọdé tí òun máa fún yíká ilé. Kò sí ọmọdé kankan ní gbogbo àfonífojì. Ó gbé e fún Marjan.

Kulash gbé àwo ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ìrù wọlé, ooru ń jáde lára rẹ̀.

"Àgbà yín dà?" Seydahmet béèrè. "Ta ló máa súre?"

Jumadil wú ikọ́. "Àgbà wa wà lórí òkè ẹ̀yìn ilé."

"Kí ló ń ṣe lórí òkè nínú òtútù yìí?"

"Inú fóònù ló wà."

Bí gbogbo wọn ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gun òkè nìyẹn. Marjan ń lọ níwájú pẹ̀lú fóònù, Jumadil tẹ̀lé e, Kulash gbé àwo ẹ̀dọ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ bò ó, Seydahmet ń mí gúlegúle lẹ́yìn, Ìyá Dastan sì di àpótí yẹtí mú. Afẹ́fẹ́ lórí òkè náà lè ṣí irùngbọ̀n kúrò lójú èèyàn. Láti òdìkejì odò, Botabek dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ràkúnmí," ló sọ lóhùn rara, "ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun báyìí?"

Fóònù wọlé. Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì tẹ́tí.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn Bàbá Kemel béèrè.

"Bàbá, Jumadil ni! Àwọn àna ti dé! Ẹ súre!"

"Háà... inú mi o."

"Ẹ súre, Bàbá!"

"Kí Ọlọ́run Ọba... háà, ẹ gbé ike wá, ẹ gbé ike wá..."

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ìre. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ wọn ṣì wà lókè, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó tọ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà òtútù pa fóònù náà.

"Ṣé ká ṣe àmín?" Ìyá Dastan béèrè.

"Àmín kí ni?" ni Seydahmet wí. "Ṣé kí gbogbo wa máa bì ni?"

Wọ́n padà sílé. Seydahmet kò jókòó mọ́, ó ń wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó ní oòrùn ti ń yẹ̀, ẹ́ńjìnnì mọ́tò òun á dì bí ilẹ̀ bá ṣú, òun ò sì lè mú ìyàwó ní ilé tó jẹ́ pé fóònù ni àgbà ibẹ̀. Ìyá Dastan ń sunkún díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣí àpótí yẹtí, ó ń pa á dé.

"Marjan dà?" Kulash béèrè lójijì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Marjan ló wọlé, ó fa Botabek lọ́wọ́. Bàtà ọkùnrin náà rin gbingbin, inú odò ni Marjan mú un gbà. Nurila tẹ̀lé wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí, Botabek kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Ó wo òrùlé, ó wo kápẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ó kọjú sí ààrò.

"Ààrò, mo kí ọ o," ló sọ. "Ọmọ yìí ló bẹ̀ mí. Òun nìkan ni mo wá fún."

Jumadil náà kọjú sí ààrò. "Ààrò, sọ fún ẹni tó wọlé pé ká tó súre nínú ilé mi, ó ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n."

"Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?" Seydahmet béèrè. Apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀.

"Ààrò ni, Bàbá," Marjan dá a lóhùn.

"Ààrò, bi í pé kí ni mo ṣe fún un?" ni Botabek wí.

"Eyín!" Jumadil pariwo. "Ó gbé orí tó ní eyín fún mi lójú gbogbo èèyàn! Ṣé ajá ni mí?"

"Òun ńkọ́? Ó jáde nílé mi láìgé etí fún ọmọ mi! Gbogbo ọmọ tó bá jẹ etí ló máa ń gbọ́ràn. Tèmi ló fi etí dù. Ọmọ náà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ títí dòní. Mo ní kó da àgùntàn, ó lọ ń ta fóònù ní ìlú!"

"Fóònù mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rà á," Ìyá Dastan sọ. "Ó gbówó lórí."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" ni Botabek wí.

"Ẹ dákẹ́ náà!" Seydahmet jókòó padà, ó bọ́ ẹ̀wù. Ojú rẹ̀ ti ń tàn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju ẹ̀dọ̀ lọ. "Ọkùnrin yìí, má wo ààrò mọ́, èmi ni kí o wò. Ta ló se orí náà?"

Botabek na ọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà láìwo ẹ̀yìn. "Ìyàwó mi ni. Ó gbàgbé ni, ó jẹ́wọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan orí àgùntàn mọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń sè é."

"Ó máa ń jóná," ni Nurila sọ jẹ́jẹ́.

"Bí o ti mọ̀ pé ìyàwó rẹ ni, kí ló dé tí o kò bẹ̀ ẹ́?"

"Kí n bẹ ẹni tó fi etí du ọmọ mi?"

Ọ̀rá ìrù ti ń dì funfun nínú àwo. Nurila kò wo ọkọ rẹ̀, kò wo Jumadil. Kulash ni ó ń wò.

Kulash gbé àwo náà sílẹ̀.

"Èmi ni," ló sọ.

"Ìwọ ni kí ni?" Jumadil béèrè.

"Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mo lọ bá Nurila ṣe iṣẹ́ nídìí iná. Ó gbé orí náà fún mi, ó fún mi ní ẹ̀mú, ó ní kí n yọ àgbọ̀n kí n sì fa eyín. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹnì kan pè mí láti inú ilé pé kí n wá bu tíì fún òun. Mo lọ. Mo padà, mo tún mú ẹ̀mú, ó tún pè mí. Ife rẹ̀ kò tíì tán o, ó ń pè mí. Ó fẹ́ kí gbogbo àlejò rí ọwọ́ ìyàwó tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Nígbà tí mo máa fi padà, wọ́n ti ju orí sínú ìkòkò. Mo ní màá yọ ọ́ bó bá jinná. Ó tún pè mí." Ó fi ìbòrí nu ọwọ́. "Ìyá ọkọ mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Nurila wò mí, ó ní òun ló gbàgbé. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ pé màá sọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Kò dárúkọ ẹni tó ń pè é. Kò pọn dandan. Gbogbo ojú inú ilé ti yí sí ibì kan náà.

Jumadil wo ààrò. "Ààrò," ló bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Marjan," ni Kulash wí, "ààrò ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

Jumadil wo ojú fèrèsé. Ràkúnmí wà níta, ṣùgbọ́n ó ti kọ̀yìn sí ilé. Ó wo Marjan, tó mú etí àgùntàn dání bí ẹni tó ń retí kí ó sọ̀rọ̀. Ọ̀nà Àpáta Pupa wá sí i lọ́kàn, àti àwọn àpò ìyẹ̀fun. Ó bọ́ fìlà onírun rẹ̀, ó gbé e sórí eékún, kò sì mọ ohun tó tún kù tí òun lè bọ́.

Ó wá gbójú sókè, ó wo Botabek. Ọkùnrin náà ti darúgbó. Irun rẹ̀ ti lọ, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, omi odò sì ń kán láti inú bàtà rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jumadil wí. Ó tún un sọ. "Ẹ̀gbọ́n. Tíì yẹn... òǹgbẹ kankan ò gbẹ mí. Èmi ni mo ń pè é."